Ọ̀nà Omi Nínú Àpótí Ẹja: Páìpù Líle Tàbí Họ́ọ̀sì?

 

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n fi ṣí ìjíròrò wa lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Ó dá lórí páìpù tí omi ń gbà lára àpótí onídígí tí a ń sin ẹja sí. Ìbéèrè náà ni pé, ṣé páìpù líle ni kí á lò, ìyẹn páìpù PVC tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ara wọn, tàbí páìpù rírọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní họ́ọ̀sì? Ẹnì kan lè wí pé iṣẹ́ púlọ́ḿbà ni èyí, pé kí ni ó kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀? Ẹ fún mi láyè kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí mo ti kọ́ni rí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí fẹ́ gbé àpótí ẹja kan kalẹ̀ sínú yàrá ìwádìí wọn. Odidi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jiyàn lórí irú páìpù tí wọn yóò lò. Àwọn kan ní páìpù líle ni páìpù, pé họ́ọ̀sì kò ní í pẹ́ kí ó tó yọ. Àwọn yòókù ní họ́ọ̀sì ni ó rọrùn, pé ọ̀bẹ nìkan ni a nílò láti gé e. Ní ìkẹyìn, àwọn onípáìpù líle borí. Wọ́n wọn páìpù, wọ́n gé e, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ dáadáa, kò sì sí oríkèé kan tí ẹ̀kán omi já bọ́ lára rẹ̀. Wọ́n kó epìyà sínú àpótí náà, wọ́n sì ń kọ bí àwọn ẹja náà ti ń dàgbà sínú ìwé ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ náà wọ oṣù karùn-ún, iná mànàmáná lọ ní òru ọjọ́ kan, kò sì dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà ní òwúrọ̀, omi ti tẹ́ ilẹ̀ láti ògiri kan dé èkejì. Omi tí ó kù nínú àpótí òkè kò ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Àwọn epìyà ti há mọ́ra wọn nínú omi pẹ́pẹ́pẹ́ náà títí atẹ́gùn inú rẹ̀ fi tán, gbogbo wọn sì ti kú. A yẹ páìpù wò láti òkè délẹ̀. Kò sí oríkèé kan tí ó jò.

Àwọn àgbà a máa fi tu ẹni tí àdánù bá nínú pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, agbè kò fọ́ lóòótọ́; ṣùgbọ́n inú omi tí ó dànù yẹn ni ẹ̀mí ẹja wà. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ọjọ́ méjì jiyàn lé lórí kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn. Èmi olùkọ́ wọn sì jókòó tì wọ́n, n kò bi wọ́n ní èyí tí ó yẹ. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi wá síwájú yín.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ètò omi náà ti rí. Àpótí méjì ni. Àpótí òkè ni ẹja wà nínú rẹ̀, òun ni gbogbo ènìyàn ń wò. Àpótí kejì wà nísàlẹ̀, lábẹ́ tábìlì. Òun ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè ní sump. Àpótí ìsàlẹ̀ ni èmi yóò máa pè é. Omi àpótí òkè a máa kún dé ẹnu ihò kan, a sì máa gba inú páìpù kan ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ohun tí ń tì í. Bí ó bá dé ìsàlẹ̀, yóò gba inú kànrìnkàn àti òkúta wẹ́wẹ́ kọjá, ìdọ̀tí rẹ̀ yóò sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni pọ́ǹpù yóò gbé e padà sókè láti inú páìpù mìíràn. Páìpù ìsọ̀kalẹ̀ kan, páìpù ìgòkè kan: ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ méjèèjì sọ́kàn, nítorí iṣẹ́ wọn kò dọ́gba, ìyà tí ń jẹ wọ́n kò sì dọ́gba.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Alford Lloyd ti lo irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòran ẹja tí wọ́n ṣí ní Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1864. Ó tún lò ó ní ti Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí wọ́n ṣí ní 1871. Níbẹ̀, ó fi omi púpọ̀ pamọ́ sí abẹ́ ilẹ̀, ju èyí tí ó wà lójú àwọn ènìyàn lọ, ẹ̀rọ sì ń fà á sókè láìdáwọ́ dúró. Ohun tí ó yé e nígbà náà ni ó yẹ kí ó yé àwa náà lónìí: omi tí a kò rí ni ó ń tọ́jú omi tí a ń rí.

Èé ṣe tí omi kò fi gbọdọ̀ dúró? Ẹja ń ṣe ìgbẹ́ sínú omi kan náà tí ó ń mí nínú rẹ̀. Oró kan tí ń jẹ́ amóníà a sì máa ti ara rẹ̀ jáde ní tọ̀sán-tòru. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tí ń jẹ́ Nitrosomonas ni wọ́n ń sọ amóníà yìí di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ oró. Àwọn mìíràn tí ń jẹ́ Nitrospira sì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, èyí tí ẹja lè fara dà dáadáa ju méjì ìṣáájú lọ. Ara kànrìnkàn àti òkúta inú àpótí ìsàlẹ̀ ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń gbé, omi tí ń ṣàn ni ó sì ń gbé ọ́síjìn wá fún wọn. Bí omi bá dúró pẹ́, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹja àrọ̀ lè yọjú sókè kí ó gbé atẹ́gùn mì, nítorí pé Ẹlẹ́dàá fún un ní ohun tí ó fi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Epìyà kò ní irú rẹ̀. Nítorí náà, páìpù ni iṣan ẹ̀jẹ̀ àpótí ẹja.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé páìpù méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, kí á má ṣe ṣègbè.

Páìpù líle kọ́kọ́. Inú rẹ̀ dán, omi sì ń yọ̀ kọjá níbẹ̀. Bí a bá ti gbé e dagun, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí. Oríkèé tí a bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ dáadáa a máa di ohun kan náà pẹ̀lú páìpù, kì í yọ. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù tirẹ̀. Bí a bá ṣì í wọ̀n, kò sí àtúnṣe àfi kí á gé e. Níbikíbi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́, a ní láti fi ẹ́líbò sí i, ẹ́líbò sì ń dá omi dúró: ẹ́líbò íǹṣì 1 kan ṣoṣo ń dènà omi tó bí páìpù gbọọrọ tí ó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀. Lẹ́yìn èyí, páìpù líle a máa gbé ìgbọ̀nrìrì pọ́ǹpù lọ sí ara dígí, ariwo rẹ̀ a sì gba gbogbo yàrá. Bí a bá fi agbára fà á kí ó lè kan ihò tí a lu sára dígí, dígí náà lè sán ní ọjọ́ tí ẹnì kan kò retí.

Họ́ọ̀sì ńkọ́? Ó ń tẹ̀ lé ibi tí a bá tẹ̀ ẹ́ sí. Bí ó bá sì yí ní ìrọ̀rùn, kì í dá omi dúró tó ẹ́líbò. Kì í jẹ́ kí ìgbọ̀nrìrì pọ́ǹpù dé ara dígí. Ó rọrùn láti yọ nígbà tí a bá fẹ́ fọ pọ́ǹpù. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́ jù, yóò ká, omi kò sì ní í kọjá mọ́. Èyí tí ara rẹ̀ mọ́ gaara ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ohun aláwọ̀ ewé a sì hù sínú rẹ̀. Èyí tí ó ní ìpele-ìpele bí ọ̀nà ọ̀fun a máa kó ìdọ̀tí sí àárín ìpele rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun tí ó mú họ́ọ̀sì rọ̀ a máa jáde kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò gan, kílíìpù tí ó dì í mú dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ kò sì ní í lè dì í mú mọ́. Mo sì fẹ́ kìlọ̀ pé kì í ṣe gbogbo họ́ọ̀sì ni ó yẹ ẹja. Àwọn kan tí a ṣe fún bíbu omi rin ọgbà ní òjé àti kẹ́míkà mìíràn lára. Èyí tí a ṣe fún omi mímu tàbí fún àpótí ẹja gan-an ni kí á rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí á yẹra fún páìpù irin tí a fi síǹkì bò àti páìpù bàbà: síǹkì ń pa ẹja, bàbà sì burú jù fún ìṣáwùrú, edé àti akàn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ju líle àti rírọ̀ lọ, òun ni ìbú ihò páìpù. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí a bá sọ ìbú ihò di ìlọ́po méjì, àyè inú rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, bí iye omi kò bá yí padà, ìyára omi yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdènà tí páìpù ń ṣe fún omi sì ń tẹ̀ lé ìyára ní ọ̀nà ìlọ́po ara rẹ̀, ìyẹn ni pé yóò di ìdá kan nínú 16. Bí a bá sì tún pín in fún ìbú tí ó ti di méjì, ó di nǹkan bí ìdá kan nínú 32. Ẹni tí ó bá ra páìpù tín-ín-rín nítorí owó tí kò tó nǹkan yóò máa san owó náà padà lójoojúmọ́ lára iná tí pọ́ǹpù rẹ̀ ń jẹ.

Ó ti wá tó àkókò kí n sọ ohun tí ó pa epìyà wa. Gbogbo wa ni a ti rí i bí awakọ̀ ti ń fi rọ́bà fa epo láti inú táǹkì ọkọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Yóò fi ẹnu fà á lẹ́ẹ̀kan. Bí epo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀, yóò máa ṣàn lọ fúnra rẹ̀ títí ẹnu rọ́bà tí ó wà lókè yóò fi yọ kúrò nínú epo. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni páìpù ìgòkè ń ṣe nígbà tí iná bá lọ. Pọ́ǹpù dúró, ṣùgbọ́n páìpù kún fún omi, ẹnu rẹ̀ sì rì sínú àpótí òkè. Omi yóò yíjú padà, yóò sì máa gba ọ̀nà tí ó gbà gòkè sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ri ẹnu páìpù ìgòkè sínú omi tó sẹ̀ǹtímítà 40, kí omi lè máa ru ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ sókè. Àpótí náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50. Ẹ sọ 120 di ìlọ́po 50, kí ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 40: yóò fún yín ní 240,000, ìyẹn lítà 240. Àyè tí ó ṣófo nínú àpótí ìsàlẹ̀ kò ju lítà 40 lọ. Lítà 200 yòókù ni ó tẹ́ ilẹ̀ yàrá wa. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 5 péré ni wọ́n ri ẹnu páìpù náà sí, lítà 30 ni ìbá padà wálẹ̀, àpótí ìsàlẹ̀ ìbá gbà á, ẹja ìbá sì wà láàyè. Ìbá jẹ́ páìpù líle ni o, ìbá jẹ́ họ́ọ̀sì ni o, bákan náà ni ìbá rí.

Nítorí náà, èrò mi ni èyí: kí á má ṣe fi ọjọ́ tí ohun gbogbo ń lọ déédéé yan páìpù. Ọjọ́ tí nǹkan bá dàrú ni kí á fi yàn án. Lójú gbogbo oríkèé, kí á bi ara wa pé, bí iná bá lọ ńkọ́? Bí èyí bá yọ, bí èyí bá dí, níbo ni omi yóò dà sí? Bí a bá fi ìbéèrè yìí ṣáájú, ìjà páìpù líle àti họ́ọ̀sì yóò parí fúnra rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Páìpù ìsọ̀kalẹ̀, páìpù líle ni kí á fi ṣe é. Omi tí ń bọ̀ níbẹ̀ kò ní agbára mìíràn ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Bí a bá lo họ́ọ̀sì, tí ó sì sọ̀ kòlòbò níbì kan, afẹ́fẹ́ yóò há sínú rẹ̀, omi yóò máa ké, yóò máa dá dúró, yóò sì máa ya wálẹ̀ lójijì. Kí á jẹ́ kí páìpù náà dagun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí á má ṣe fi fáàfù sára rẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ọ̀nà tí omi ní. Ó sì sàn kí ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ jẹ́ méjì, kí èkejì ga ju èkíní lọ díẹ̀, kí ó máa wò títí di ọjọ́ tí ewé tàbí òkú ẹja bá dí èkíní.

Páìpù ìgòkè, àdàlù ni. Kí á fi họ́ọ̀sì kúkúrú kan, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, sí ẹnu pọ́ǹpù kí ó lè máa gba ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ mọ́ra. Kí kílíìpù rẹ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, pàápàá bí omi bá jẹ́ omi iyọ̀. Kí gbogbo oríkèé họ́ọ̀sì náà wà nínú àpótí ìsàlẹ̀ gan-an, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá tilẹ̀ yọ ní òru, inú àpótí náà ni omi yóò máa dà sí, kì í ṣe ilẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ sókè, kí á lo páìpù líle, kí á sì fi yúníọ̀nù sí i, kí a lè tú u láìgé e.

Ẹnu páìpù ìgòkè kò gbọdọ̀ jìn sínú omi. Kí á tún lu ihò kékeré kan sí ara rẹ̀ nísàlẹ̀ ojú omi díẹ̀. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀ dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò wọlé, fífà náà yóò sì já. Àwọn kan a máa gbára lé fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n èèpo ìṣáwùrú kan tó láti mú kí ó má lè pa ẹnu rẹ̀ dé. Ihò náà lè dí bákan náà. Àyè òfìfo nínú àpótí ìsàlẹ̀ nìkan ni kì í dí, kì í sì í gbó. Kí á ṣírò iye omi tí ó lè padà wálẹ̀, kí á fi ti inú páìpù kún un, kí á sì fi àyè tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Kí á fa ilà sára àpótí náà pé omi kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀ nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́.

Lákòótán, ìdánwò wà fún páìpù gẹ́gẹ́ bí ó ti wà fún akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn tí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ pátápátá, kí á fi omi lásán sínú àpótí, kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24 láìsí ẹja níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fúnra yín pa iná. Ẹ dúró tì í, kí ẹ máa wo omi bí ó ti ń padà wálẹ̀ títí yóò fi dúró. Ẹ fi ọwọ́ dí ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì wò ó bóyá èkejì gbà á. Ní oṣooṣù, kí ẹ tún un ṣe, nítorí pé ihò tí ó là lónìí lè dí lọ́la.

Bí a bá pa iná ní ọ̀sán gangan, nígbà tí gbogbo wa wà níbẹ̀ tí garawa sì wà lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ ni. Bí iná bá lọ fúnra rẹ̀ ní òru, nígbà tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sùn, àdánù ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ìgbà náà mọ páìpù í so. Èmi ni n kò kọ́ wọn láti pa iná. Ìwé tí wọ́n kọ oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ sí wà lọ́wọ́ mi di òní, ojú ìwé tí ó yẹ kí ó kẹ́yìn rẹ̀ sì ṣófo.

Èyí ni ohun tí mo ní láti fi ṣílẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé àwọn tí a jọ jókòó níhìn-ín ní èrò tiwọn lórí rẹ̀, pàápàá ẹni tí ó gbà pé họ́ọ̀sì nìkan tó. Mo fi àyè sílẹ̀ fún wọn báyìí.